Lẹ́tà Ṣíṣí sí Aṣojú Bankole Adeoye: Ẹ Tìtorí Ẹni Tó Máa Fìdí Rẹmi Ṣètò Ìdìbò Gúúsù Sudan

Sí Aṣojú Bankole Adeoye,
Kọmíṣọ́nà fún Ọ̀rọ̀ Òṣèlú, Àlàáfíà àti Ààbò,
Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, Addis Ababa.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìpàdé. Orúkọ tí ẹ ń jẹ́ ló fún mi nígboyà láti fi Yorùbá kọ lẹ́tà yìí. Ìdí kejì ni pé Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí Àjọ yín yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ Gúúsù Sudan, nítorí náà ó yẹ kí àwọn ará ilé mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ṣe ní Juba, olú-ìlú ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Juba kéde pé ìdìbò tí wọ́n dá sí oṣù Kejìlá ọdún náà kò ní wáyé mọ́, ó di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2026. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún 2015 ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ogun dá a dúró. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 2018 tún fún wọn láǹfààní, wọ́n lò ó tán, wọ́n tún fi oṣù mẹ́rìnlélógún kún un lọ́dún 2022. Láti ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2011 tí wọ́n ti gba òmìnira títí di ọjọ́ ìkéde yẹn, ìdìbò gbogbogbò kankan kò tíì wáyé níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹni tí wọ́n bí lápá ìgbẹ̀yìn ọdún 1993 nígbà ìbò òmìnira. Ó máa pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́dún 2026, kò sì tíì fi ìka kan tàdáwà ìbò rí.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí wọ́n tún sún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ariwo tí à ń gbọ́ láti Addis Ababa, orí déètì ló dá lé: kí wọ́n má sún un mọ́, kí wọ́n má gba àfikún mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní múra sílẹ̀ náà lè pa déètì mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi.

Mo ti ṣiṣẹ́ ìbò rí. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wá, èmi ni akọ̀wé nídìí àpótí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ka ìbò tán, ilẹ̀ ti ṣú, fìtílà kan ṣoṣo la gbé sáàárín. Fọ́ọ̀mù èsì tí wọ́n fún wa ní ewé mẹ́fà tí wọ́n fi kábọ̀n sí láàárín. Tí a bá kọ tòkè, ó yẹ kó yọ lára tìsàlẹ̀. Láti ewé kẹta ló ti ń ṣe bàìbàì. Tó bá di ìkarùn-ún, àfi kéèyàn fọwọ́ pa á kó tó mọ̀ pé bírò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ́jẹ́ǹtì ẹgbẹ́ tó wọlé kò dúró gba tirẹ̀. Ìlù ti ń dún lóde, ó ti bọ́ síjó. Ẹni tó fìdí rẹmi ni kò kúrò. Ó gbé ewé tirẹ̀ síwájú iná, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé 37 lẹ kọ síbí ni àbí 87?" 37 ni. Inú bí mi, ebi ń pa mí, ọ̀gá wa sì ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n pa ọkùnrin náà tì. Mo ṣáà jókòó, mo fi bírò tún gbogbo nọ́ńbà náà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa tó kù níbẹ̀ bu ọwọ́ lù ú létí ìwé. Ó ká a, ó fi sápò àyà, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó gba ilé ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó wọlé kì í wo fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fìdí rẹmi là ń tìtorí ẹ̀ kọ ọ́. Nílẹ̀ tí ogun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, ẹni yẹn ní ìbọn nílé, ó sì mọ ọ̀nà igbó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bi yín, ojú ẹni yẹn ni mo fi wò ó.

1. Ìbọn. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí òun ló ba ti Angola jẹ́. Ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà Bicesse ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, wọ́n dá ìdìbò sí ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, déètì náà kò sì yẹ̀. Àwọn èèyàn tò, wọ́n dìbò wọ́ọ́rọ́wọ́. Dos Santos tó jẹ́ ààrẹ ní 49.57%, Savimbi tó jẹ́ olórí ọlọ̀tẹ̀ ní 40.07%. Kò sẹ́ni tó kọjá ìdajì, ó yẹ kí àwọn méjèèjì tún kojú ara wọn. Ìdìbò kejì yẹn kò wáyé láéláé. Savimbi ní wọ́n ti yí èsì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọn kò tíì tú ká sì wà níbi tó tò wọ́n sí. Ogun tún bẹ́ sílẹ̀, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí wọ́n fi pa Savimbi fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2002.

Àwọn ará Mozambique rí i. Wọ́n ṣe àdéhùn tiwọn ní Rome ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, láàárín ọdún kan ló sì yẹ kí wọ́n dìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Angola là wọ́n lójú, wọ́n sún un di oṣù Kẹwàá ọdún 1994 kí wọ́n lè gba ìbọn kí àpótí tó dé. Wọ́n tún dáwó jọ fún Renamo, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, kó lè kúrò ní ọmọ ogun inú igbó, kó di ẹgbẹ́ òṣèlú. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọ̀la, Dhlakama, olórí Renamo, ní òun kò ṣe mọ́. Wọ́n pẹ̀tù sí i nínú, ó padà, wọ́n fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìdìbò. Ó ní 33.7%, Ààrẹ Chissano ní 53.3%, ọkùnrin náà sì jókòó bí alátakò. Òótọ́ ni pé ìbọn tún dún níbẹ̀ lọ́dún 2013. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún kó tó dún, tí ti Angola kò sì tó ogún ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ rí i, sà, pé sísún déètì kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n sún un kí wọ́n wá ká ọwọ́ gbera.

Ní Gúúsù Sudan, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ni àdéhùn ní kí wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni ìpele àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ní wọ́n jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta, igi ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé kọ́ èjìká bí ìbọn nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Níbo ni wọ́n wà? Àwọn wo ni wọ́n rán lọ sí ẹ̀ka tó yẹ? Ta ló ń san owó oṣù wọn? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ àdéhùn náà lè máa gbé ìdáhùn yìí jáde lóṣooṣù, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Kò nílò ìpàdé kankan ju kí akọ̀wé kan jókòó tẹ̀ ẹ́ lọ.

2. Orogún nínú àhámọ́. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọ̀dọ́ ológun tí wọ́n ń pè ní White Army gba ibùdó ológun tó wà ní Nasir. Ìjọba ní ọwọ́ Riek Machar, igbá-kejì ààrẹ àkọ́kọ́, wà níbẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti sé e mọ́lé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn àti ọ̀tẹ̀. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, kó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ló wà lórí àdéhùn tí gbogbo wa ń gbọ́, tirẹ̀ àti ti Ààrẹ Salva Kiir. Ẹ wá sọ fún wa bí ọ̀kan ṣe máa polongo ìbò nígbà tí èkejì wà níwájú adájọ́, àti ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú igbó máa fi ojú rí nínú àpótí náà. Ó yẹ kí ẹ ní èsì sí èyí kí ẹ tó rán alákìíyèsí kankan wọ bàálù.

3. Ta ni olùdìbò? Àdéhùn ọdún 2018 ní kí wọ́n kọ ìwé òfin tuntun, kí wọ́n ka èèyàn, kí wọ́n tó dìbò. Ọdún 2008 ni wọ́n ka èèyàn gbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n ṣì wà lára Sudan. Mílíọ̀nù 8.26 ni wọ́n kà sí gúúsù. Ìjọba Juba fúnra rẹ̀ kọ iye yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Lẹ́yìn náà ni ogun ọdún 2013 lé èèyàn kúrò nílé: ó ju mílíọ̀nù méjì lọ tó wà ní Uganda, Sudan, Ethiopia àti Kenya, bíi mílíọ̀nù méjì mìíràn sì di ogunléndé nínú ilé ara wọn. Nígbà tí ogun wá bẹ́ ní Sudan ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn tó ti ń gbé Khartoum tún sá padà wálé. Ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn tó gba ẹnubodè yẹn wọlé. Obìnrin kan tó bí ọmọ mẹ́ta ní Khartoum, tó wá ń gbé abẹ́ tapólì ní Renk lẹ́bàá ẹnubodè, àgbègbè wo ló ti máa dìbò? Abúlé tí bàbá rẹ̀ ti jáde ni àbí ibi tí ọkọ̀ já a sí?

Wọ́n á ní ìyẹn ṣòro. Mo gbà. Àmọ́ ó ti ṣòro fún ẹlòmíì rí, wọ́n sì wá ọgbọ́n sí i lójú gbogbo ayé. Sierra Leone kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2002 pé ogun ti parí, ó sì dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún. Ọdún 1985 ni wọ́n ti ka èèyàn gbẹ̀yìn. Wọn kò díbọ́n. Wọ́n ní nígbà tí a kò ti mọ iye wa, a kò lè pín àgbègbè kéékèèké. Àgbègbè ńlá mẹ́rìnlá la ní, kí ìkọ̀ọ̀kan mú aṣòfin mẹ́jọ-mẹ́jọ. Aṣòfin méjìléláàádọ́fà nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n wá ka èèyàn. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF gbé àpótí, kò rí àga kan ṣoṣo, kò sì padà sígbó, nítorí wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin ṣáájú.

Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn tó wà lẹ́yìn odi kò ṣeé forúkọ sílẹ̀. Nígbà ìbò òmìnira ní oṣù Kìíní ọdún 2011, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ lẹ́yìn Sudan ni wọ́n ti dìbò. Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán sórí ìwé ìdìbò nítorí àwọn tí kò mọ̀wé: ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú, ìyẹn ìṣọ̀kan, ọwọ́ kan tó nà sókè, ìyẹn ìyapa. Èèyàn á tẹ àtàǹpàkò síbi tó wù ú, ó tán. 98.83% ló tẹ ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn. Bí ẹni tó wà ní Kampala bá lè dìbò pé kí orílẹ̀-èdè wà, kí ló dé tí kò fi ní lè dìbò yan ẹni tó máa ṣe olórí rẹ̀?

4. Èsì. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, sà.

Ìgbà mélòó ni wọ́n sún ìdìbò Côte d'Ivoire láti ọdún 2005? Ó débi pé a kò kà á mọ́. Nígbà tó wá kù díẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ ribiribi: ilé ẹjọ́ alágbèéká ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń fún àwọn tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí ní ìwé, nítorí orí ta ni ọmọ onílùú àti ta ni àlejò ni ogun abẹ́lé ibẹ̀ dá lé. Wọ́n rí ìwé orúkọ tó ní bíi mílíọ̀nù 5.7. Àwọn èèyàn tú jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, wọ́n tún tú jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Ohun gbogbo lọ geere títí ó fi ku kí ẹnìkan ka nọ́ńbà sókè.

Ó tó àkókò kí agbẹnusọ àjọ elétò ìdìbò ka èsì, ọmọ ẹ̀yìn Gbagbo, ààrẹ tó wà lórí oyè, kan já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya níwájú kámẹ́rà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, alága àjọ náà lọ kéde ní òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣọ́ pé Ouattara, alátakò Gbagbo, ló wọlé pẹ̀lú 54.1%. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òfin orílẹ̀-èdè fi fagi lé ìbò àwọn àgbègbè kan ní àríwá, tí wọ́n ní Gbagbo ló ni ín, 51.45%. Ààrẹ méjì, ìbúra méjì, ìlú kan. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Wọ́n mọ olùdìbò, wọ́n mọ ibùdó. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni wọn kò fẹnu kò lé lórí.

Ẹ wá fi Liberia wé e. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, George Weah ní 40.6%, Ellen Johnson Sirleaf ní 59.4%. Weah pariwo pé wọ́n ṣe èrú, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jáde sígboro. Àmọ́ wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jagunjagun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹjọ́ sì níbi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ó gbé e lọ, wọ́n gbọ́ ọ, nígbà tó yá ó fà á padà. Ó dúró ọdún méjìlá. Ó wọlé lọ́dún 2017. Nígbà tó tún fìdí rẹmi lọ́dún 2023, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù pe Boakai tó borí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè fún Gúúsù Sudan lórí èyí kò gba owó púpọ̀. Kí ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ka ìbò rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, tàbí mọ́ igi bí kò bá sí ògiri. Kí gbogbo ẹ́jẹ́ǹtì mú ẹ̀dà tí ojú lè rí lọ sílé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tó máa wọlé, ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ ẹ̀sùn, iye ọjọ́ tó ní, àti pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹnìkan tó tún lè fagi lé e. Kí gbogbo ẹgbẹ́ bu ọwọ́ lu ìyẹn, kódà àwọn tí kò sí ní Juba.

5. Ọ̀nà. Mi ò ní sọ púpọ̀. Láti ọdún 2021 ni omi ti yí ìlú Bentiu ká, erùpẹ̀ tí wọ́n mọ bí odi ni kò jẹ́ kó wọlé bá wọn. Oṣù Kejìlá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dára, ṣùgbọ́n oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ni àpótí gbọ́dọ̀ máa rìn, tí ìforúkọsílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín òjò. Ẹni tó bá yan déètì láì wo ojú ọ̀run, bóyá kò rò pé àpótí náà máa kúrò ní Juba.

6. Gbèsè tiyín. Ẹ foríjì mí, sà, èyí kan ilé. Lọ́dún 2014, Àjọ yín rán ìgbìmọ̀ olùwádìí lọ, Olóyè Olusegun Obasanjo ni alága rẹ̀. Wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2015: ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àdéhùn ọdún 2015, àti ti 2018 tó tẹ̀lé e, ní kí Àjọ yín, àní Àjọ yín gan-an, dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ tí adájọ́ ọmọ Gúúsù Sudan àti adájọ́ láti ibòmíràn ní Áfíríkà máa jọ jókòó sí. Kò sí níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé Juba ni kò bu ọwọ́ lu ìwé, mo gbọ́. Àmọ́ bí onígbọ̀wọ́ kò bá san tirẹ̀, ẹnu wo ló máa fi bèèrè tẹlòmíì? Ẹni tó pa ará abúlé lọ́dún 2013 lè gbé àpótí lọ́dún 2026, kí ẹni tó sin òkú náà sì wà lórí ìlà láti dìbò fún un tàbí fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé kí Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò yín jókòó lórí ọ̀rọ̀ mẹ́fà wọ̀nyí ní gbangba, kí ẹ sọ èyí tí ó ti ṣe tán, èyí tí kò tíì ṣe, àti ẹni tó ń dá a dúró. Ẹ pe orúkọ. Bí ẹ bá rí i pé èyí tó kù ju èyí tó ti ṣe lọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí déètì tó dé, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ la máa tó gbọ́. Bí ẹ bá sì ní ó ti tó, ẹ bu ọwọ́ lù ú, ká lè mọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀.

Àti pé, sà, nígbà tí wọ́n bá ń tẹ fọ́ọ̀mù èsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ ọ́: kí wọ́n má lo kábọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ibùdó ìdìbò kan tẹ́lẹ̀rí